Ìwádìí Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣíwájú Oògùn

Ìwà kan wọ́pọ̀ láàárín ọmọ ènìyàn: bí nǹkan bá ti bàjẹ́, ohun tí wọn yóò rà láti fi tún un ṣe ni ọkàn wọn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ bá, kì í ṣe ohun tí ó bà á jẹ́. Bí òrùlé bá ń jò, òmíràn a ti máa ná páànù tuntun kí ó tó gun àjà lọ wo ihò ìṣó kan ṣoṣo tí omi ń gbà wọlé. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, òmíràn a ti máa wá bátìrì tuntun kiri kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá epo wà nínú rẹ̀. Nínú ilé, owó nìkan ni ìwà yìí sábà máa ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n níbi tí iṣẹ́ bá ti jẹ́ ti gbogbo ìlú, ohun tí ó ń gbà a máa ju owó lọ. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú omi ẹ̀gbin, èyíinì ni omi tí ó ti ilé ìwẹ̀, ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ wá, tí a ní láti sọ di mímọ́ kí ó tó padà sínú odò.

Nínú gbogbo àìsàn tí ó lè ṣe ibi ìtọ́jú omi ẹ̀gbin, bóyá ni a fi lè rí èyí tí ó ń dán ọgbọ́n olùtọ́jú wò tó kí amóníà kọ̀ láti kúrò nínú omi. Omi tí ó ń jáde lè mọ́ lójú, kí ó má sì rùn, síbẹ̀ kí amóníà kún inú rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé etí àwọn aláṣẹ, ìmọ̀ràn a máa pọ̀. Ẹnì kan a ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi kún èyí tí ó wà nílẹ̀. Ẹlòmíràn a ní kí wọ́n ra kòkòrò àìfojúrí tí a rọ sínú ìgò. Ẹlòmíràn a ní kí wọ́n da ẹfun sí i. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn wí òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì wọn omi náà kò lè mọ ẹni tí ó wí òtítọ́ nínú wọn, kò sì yẹ kí ó ná owó ìlú lórí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Wíwọn ni kí ó ṣáájú, rírà ni kí ó tẹ̀lé e.

Kí ni amóníà, kí sì ni ó ṣe tí a kò fi gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò ó? Òun ni ó máa ń ta ènìyàn nímú níbi tí a bá ti ń tọ̀ léraléra. Inú ẹran, ẹja, ẹ̀wà, ẹyin àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀. Bí ara bá ti lo èyí tí ó fẹ́ nínú wọn tán, ó ń da ìyókù jáde pẹ̀lú ìtọ̀, kì í sì í pẹ́ tí ìyókù náà fi ń di amóníà. Nígbà tí ó bá dé inú odò, ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣe ibi. Èkínní, olóró ni fún ẹja, oró rẹ̀ a sì máa le sí i bí omi bá ṣe ń gbóná sí i, tí pH rẹ̀ sì ń ga sí i. Nínú omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ dìgírì 25, bí pH bá jẹ́ 7, èyí tí ó wà ní ipò olóró nínú amóníà náà kò tó ẹyọ kan nínú 100. Ṣùgbọ́n bí pH bá di 9, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Èkejì, amóníà a máa jẹ ọ́síjìn inú odò, èyí tí ẹja fi ń mí. Mílígíráàmù kan nínú rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 4.6 ọ́síjìn kí ó tó parí ìyípadà rẹ̀. Bí lítà omi ẹ̀gbin kan bá gbé mílígíráàmù 40 lọ sínú odò, ó lè jẹ tó mílígíráàmù 184 ọ́síjìn. Bẹ́ẹ̀ ni lítà kan omi odò tí ooru rẹ̀ jẹ́ dìgírì 30 kò lè gbà ju nǹkan bí mílígíráàmù 7.5 ọ́síjìn lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé lítà kan ṣoṣo irú omi bẹ́ẹ̀ tó láti jẹ ọ́síjìn inú lítà 24 omi odò tán. Apẹja tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò kò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ tàbí táǹkì. Àwọ̀n rẹ̀ tí ó ń gòkè lófìfo ni yóò sọ ìròyìn fún un.

Àpẹẹrẹ kan ni odò Thames tí ó la ìlú London kọjá. Ní 1957, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè sọ pé apá kan odò náà ti kú, nítorí pé ọ́síjìn tí ó kù nínú rẹ̀ kò tó ohun tí ẹja lè fi wà láàyè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún àwọn ibi ìtọ́jú omi ẹ̀gbin ńláńlá tí ó wà ní Beckton àti Crossness ṣe, tí wọ́n sì mú wọn gbòòrò. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ó sì di 1974, wọ́n rí ẹja salmon nínú odò náà. Ẹja yìí kì í gbé inú omi tí kò ní ọ́síjìn. Bí odò tí ó ti kú bá lè jí, a mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ asán, àti pé ẹni tí ó bá kùnà nínú rẹ̀ ti kùnà nínú ohun tí ó ṣeé ṣe.

Ta ni ó wá ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an? Kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe kẹ́míkà. Ní 1877, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì kan, Théophile Schloesing àti Achille Müntz, gbé ọ̀pá gígùn kan nàró, wọ́n kó yanrìn àti òkúta ẹfun kún inú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí omi ẹ̀gbin máa gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Fún nǹkan bí 20 ọjọ́, bí amóníà ti ń wọlé ni ó ń jáde. Lẹ́yìn èyí ni amóníà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, tí ohun mìíràn tí à ń pè ní nítíréètì sì ń yọ dípò rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé yanrìn tàbí òkúta ni ó ń ṣiṣẹ́ náà, kí ni ì bá dá a dúró fún 20 ọjọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé náà mú klorofọ́ọ̀mù, oògùn tí àwọn dókítà ìgbà náà fi ń mú aláìsàn sùn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n jẹ́ kí ó wọ inú ọ̀pá náà, iṣẹ́ sì dúró. Nígbà tí wọ́n mú un kúrò, tí wọ́n sì bu omi tí a fi fọ erùpẹ̀ sí i, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ayé ṣe mọ̀ pé ohun alààyè ni ó ń yí amóníà padà. Ní 1890, Sergei Winogradsky ya àwọn alààyè náà sọ́tọ̀ ní ìlú Zurich. Ìdílé méjì ni a sábà máa ń bá nínú wọn: àwọn èkínní ń sọ amóníà di nítíráìtì, àwọn èkejì ń gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń sọ ọ́ di nítíréètì. Ní 2015, a tún rí àwọn kan tí ń dá iṣẹ́ méjèèjì ṣe.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti ìlú Manchester. Níbẹ̀ ni Edward Ardern àti William Lockett ti ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ẹ̀gbin nínú ìgò. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ 5 kí amóníà tó yí padà tán. Wọn kò da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó sun ìsàlẹ̀ ìgò nù; wọ́n rọra da omi tí ó mọ́ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n bu omi ẹ̀gbin tuntun sí i, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é léraléra, àkókò tí iṣẹ́ náà ń gbà ń kúrú sí i, títí tí ó fi di ohun tí ń parí láàárín wákàtí 24. Ní 1914 ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún ayé, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ńláńlá sì ń gbà tọ́jú omi ẹ̀gbin títí di òní. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ẹlòmíràn ì bá dànù ni ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké náà.

Ẹni tí ó bá fi ìtàn méjèèjì yìí sọ́kàn yóò mọ irú ẹ̀dá tí ó ń bá lò. Àwọn alààyè tí ń jẹ ìdọ̀tí yòókù nínú omi ẹ̀gbin dàbí àgbàdo. Wọn kì í pẹ́ hù, wọn kì í sì í pẹ́ gbó. Láàárín wákàtí kan, wọ́n lè di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jẹ amóníà dàbí igi obì. Bí gbogbo nǹkan tilẹ̀ rọgbọ fún wọn, wọ́n lè lo wákàtí 8 tàbí odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì, bí nǹkan kò bá sì rọgbọ, wọn a pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tí kò tó láti pa àwọn yòókù lára lè run wọ́n. Ìdí nìyí tí omi fi lè mọ́ lójú kí amóníà sì wà nínú rẹ̀: àwọn tí ń jẹ ìdọ̀tí ń ṣiṣẹ́ wọn, àwọn tí ń jẹ amóníà ni kò sí nílé.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùtọ́jú gbọ́dọ̀ ṣe nígbà tí amóníà bá pọ̀ ni kí ó mọ̀ bóyá òtítọ́ ni, àti ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Amóníà a máa pọ̀ nínú omi tí ń wọlé lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú bá ti jí, a sì máa dínkù lóru. Bí a bá bu omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní àkókò tí ó pọ̀ jù, a lè rò pé ilé ń jó nígbà tí ó jẹ́ pé èéfín àárọ̀ lásán ni. Kí ó bu omi tí ń wọlé, omi inú táǹkì àti omi tí ń jáde, kí ó sì bù wọ́n ní oríṣiríṣi wákàtí. Kí ó wò ó pẹ̀lú bóyá ẹrù tí ń wọlé ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Èkó, ilé tí ó ní kòtò ẹ̀gbin tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé pọ̀ ju èyí tí ó so mọ́ páìpù ìlú lọ, ọkọ̀ ni ó sì ń fa àwọn kòtò náà. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tú ẹrù rẹ̀ sínú ibi ìtọ́jú kékeré kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ó dé ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi tí a fún jáde lára gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó ti jẹrà náà wà níbẹ̀. Amóníà inú lítà rẹ̀ kan lè ju mílígíráàmù 500 lọ. Ẹni tí ó ń dá a padà sínú táǹkì láìwọ̀n ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù lé ara rẹ̀ lórí.

Bí ó bá hàn pé òtítọ́ ni, tí kì í sì í ṣe ẹrù ni ó pọ̀, ó ku atẹ́gùn. Ó dára kí ọ́síjìn inú táǹkì má dín sí nǹkan bí mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, kì í sì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń hó nìkan, bí kò ṣe ní igun gbogbo. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná kì í dúró, ó yẹ kí a kọ wákàtí tí iná lọ àti wákàtí tí ó dé sílẹ̀, kí a sì fi wé wákàtí tí amóníà pọ̀. Bí ẹ̀rọ bá dúró fún wákàtí mélòó kan, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké náà lè má kú, ṣùgbọ́n wọn kò ní lè ṣiṣẹ́, amóníà yóò sì gba iwájú wọn kọjá. Ẹni tí kò bá ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò máa bá kòkòrò jà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ iná.

Lẹ́yìn atẹ́gùn ni iye ọjọ́ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń lò nínú ilé. Lójoojúmọ́ ni olùtọ́jú ń kó díẹ̀ jáde nínú rẹ̀ kí ó má baà pọ̀ jù. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó wà nínú táǹkì bá jẹ́ kílógíráàmù 12,000, tí a sì ń kó 1,500 jáde lójúmọ́, ọjọ́ 8 ni ó ń lò. Bí òṣìṣẹ́ tuntun kan bá dé tí ó ń kó 4,000 jáde nítorí pé ó fẹ́ kí táǹkì mọ́, ó ti di ọjọ́ 3. Ní 1964, Downing, Painter àti Knowles fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí a bá ń kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jáde ní ìyára tí ó ju ìyára tí àwọn tí ń jẹ amóníà fi ń bí sí i lọ, wọn yóò tán nínú omi náà. Kò sí oró, kò sí àrùn. Olówó ilé ni ó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ síta. Ẹni tí ó bá ra kòkòrò inú ìgò nítorí irú èyí ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni, nítorí pé bí ó ti ń dà wọ́n sí i ni ó ń kó wọn jáde.

Ohun kan tún wà tí ojú kò rí, òun ni ó sì máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Bí àwọn alààyè yìí ti ń yí amóníà padà, omi náà ń kan sí i. Ohun tí ń pa kíkan náà ni àwọn ohun tí ó bá ẹfun tan tí ó ti wà nínú omi láti orísun rẹ̀. Ó bá a mu láti pè é ní ẹfun inú omi. Mílígíráàmù kan amóníà ń jẹ nǹkan bí mílígíráàmù 7 nínú ẹfun yìí. Bí omi bá gbé amóníà 40 wá, ó ń fẹ́ ẹfun 280. Bí ẹfun tí ó gbé wá bá jẹ́ 200 péré, tí a sì ní láti fi 50 sílẹ̀ kí omi má baà kan jù, 150 ni ó kù fún iṣẹ́, kò sì tó ju fún amóníà 21 lọ. Amóníà 19 yóò jáde láìyípadà. Bí a bá ra ẹ̀rọ atẹ́gùn 10 kún un, 19 náà yóò ṣì jáde. Orísun omi ni ó ń sọ bí ọ̀rọ̀ yìí yóò ti rí ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Omi London ní ẹfun púpọ̀ nítorí ilẹ̀ ẹfun tí ó ń gbà kọjá. Omi tí Manchester ń fà láti adágún Thirlmere láti 1894 kò ní púpọ̀. Ilẹ̀ tí òkúta rẹ̀ jẹ́ irú Olúmọ ní Abẹ́òkúta kì í sábà fún omi ní ẹfun púpọ̀, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ó ń kọ́ ibi ìtọ́jú sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọn ẹfun omi rẹ̀ kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ sì wà: a lè fi ẹfun sí i, tàbí kí a fi ibì kan sílẹ̀ tí atẹ́gùn kò dé, níbi tí àwọn alààyè mìíràn yóò ti sọ nítíréètì di nítírójìn tí ń lọ sínú afẹ́fẹ́. Àwọn wọ̀nyí a máa dá tó ìdajì ẹfun tí a ti ná padà sínú omi.

Òtútù àti oró ni ó kù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà òtútù ni amóníà máa ń yọ olùtọ́jú lẹ́nu, nítorí pé bí ooru omi bá ti 20 bọ́ sí 10, iṣẹ́ àwọn alààyè náà lè dínkù tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Yorùbá kò mọ ìyọnu yìí, àǹfààní ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n bí ooru ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ náà lókun ni ó ń dín ọ́síjìn tí omi lè gbà kù: omi tí ó wà ní dìgírì 10 lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 11 nínú lítà kan, èyí tí ó wà ní dìgírì 30 kò sì lè gbà ju 7.5 lọ. Ní ti oró, bàbà, sáyánáìdì àti fínọ́ọ̀lì tí ó ń ti àwọn ilé iṣẹ́ kan wá lè dá iṣẹ́ náà dúró. Bí ó ṣe ń dé ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni a ń kó jáde jù, amóníà a máa gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ oró, ó lè fò sókè láàárín ọjọ́ kan. Nígbà mìíràn nítíráìtì a pọ̀ nínú omi, èyí tí ó ń fi hàn pé ìdílé èkínní ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ti ìdílé èkejì kò bá wọn dọ́gba. Garawa méjì sì tó fún àyẹ̀wò: kí a bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láti ibi ìtọ́jú mìíràn tí ara rẹ̀ le sínú méjèèjì, kí a bu omi tí a fura sí sí ọ̀kan, kí a bu omi mímọ́ tí a fi amóníà díẹ̀ sí sí èkejì, kí a fẹ́ atẹ́gùn sí wọn bákan náà, kí a sì wọn amóníà wọn ní wákàtí-wákàtí. Bí ti omi mímọ́ bá ń dínkù tí ti èkejì kò dín, olè ti yọjú.

Àwọn kan yóò wí pé kòkòrò inú ìgò kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́, pé a ti rí ibi tí ó ti ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí a gbà fún wọn dé ààyè kan. Ibi tí oró ti pa àwọn òṣìṣẹ́ tán, tí a sì ti dí ọ̀nà oró náà, ó dára kí a wá irúgbìn tuntun. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí a bù láti ibi ìtọ́jú tí ara rẹ̀ le ni ó sì sábà máa ń dára jù, nítorí pé àwọn tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ náà ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í gbin irúgbìn sínú oko tí iná ṣì ń jó. Bí ohun tí ó pa àwọn ti ìṣáájú bá ṣì wà níbẹ̀, yóò pa àwọn tí ń bọ̀.

Àwọn mìíràn yóò wí pé wíwọ̀n ń náni lówó, àti pé ìlú tí kò ní tó kò lè máa ra ohun ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí dàbí òtítọ́ títí a ó fi ṣírò rẹ̀. Fífẹ́ atẹ́gùn sínú omi sábà máa ń jẹ tó ìdajì gbogbo iná mànàmáná tí irú ibi ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń lò, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ láìmọ̀ bóyá ọ́síjìn ni ó kù ń san gbèsè ìwà náà lójoojúmọ́, ní ọdún dé ọdún. Owó tí a fi ń wọn ọ́síjìn, pH, ẹfun, amóníà, nítíráìtì àti nítíréètì kéré gidigidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlú tí kò lówó gan-an ni kò gbọdọ̀ ná owó ní àfọ́jú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun kan tún kù tí ó ṣòro fún àwọn aláṣẹ jù owó lọ, òun ni sùúrù. Bí a bá ti rí ibi tí àléébù wà, ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì dúró. Àwọn ẹ̀dá tí ó lo 20 ọjọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ọ̀pá Schloesing kò ní sáré nítorí pé ọ̀gá kan ń bínú. Bí a bá yí ohun mẹ́ta padà ní ọjọ́ kan, tí amóníà sì dínkù, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí ó ṣe é. Bí ó bá tún padà dé, òkùnkùn kan náà ni gbogbo wọn yóò tún wà.

Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe pàtàkì jù ní ibi ìtọ́jú omi ẹ̀gbin ni òṣìṣẹ́ tí ó ń bu omi láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ó sì ń kọ ohun tí ó rí sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀gbin tí ó ń bá lò. Owó oṣù rẹ̀ kéré, bí a bá sì fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, òun ni a sábà máa ń kọ́kọ́ rántí. Àṣìṣe ńlá ni. Ó yẹ kí a rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí a fún un ní ohun ìwọ̀n tí ó péye, kí a sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí a tó gbọ́ ti ẹni tí ó wá ta ọjà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nílé-ẹ̀kọ́ náà kò gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ yìí rẹlẹ̀ fún wọn, nítorí pé ẹni tí ó lè ṣe ìṣirò ẹfun inú omi, tí ó sì lè ka ohun tí ìwọ̀n ń wí, ni odò ń retí. Nígbà tí ìròyìn amóníà bá tún dé ọ́fíìsì aláṣẹ kan, kí ó tó pe oníṣòwò kankan, kí ó béèrè ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ 30 tí ó kọjá. Bí ìwé bá wà, kí ó jókòó ti òṣìṣẹ́ tí ó kọ ọ́, kí wọ́n kà á pọ̀. Bí kò bá sí ìwé, ó ti mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ rà: ìwé, kálàmù àti ohun ìwọ̀n.